Ẹ Bi Wá, A Ó Fèsì: Bọ́jẹ́ẹ̀tì ti wọ àárín ẹbí

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ owó ìjọba lóṣù yìí ju ti ọ̀rọ̀ lọ́kọ-láya lọ, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí lójú-ewé yìí. Ìdìbò 2027 ló ń ta gbogbo yín lẹ́nu, mo mọ̀. A ti gé àwọn lẹ́tà kan kúrú, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí adìyẹ ń ké lẹ́yìn yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Páàtì mọ́tò ni mò ń tà ní Sàbó, Ṣàgámù níbí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jẹ́ ọmọ APC paraku, èmi ti ń ṣe PDP bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Níbi ìkómọ ọmọ wa tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ní ìjọba tó bá gbọ́n gbọ́dọ̀ gé owó tó ń ná, pé sọ́bísídì epo tí wọ́n yọ yẹn, owó ìfiṣòfò ni, kò sí orílẹ̀-èdè tó lè máa bá irú ẹ̀ lọ. Mo ní ìjọba tí ò bá náwó sórí aráàlú kí la fẹ́ fi í ṣe, kí ló sì dé tí wọn ò gé tara wọn. Bó ṣe di ariwo nìyẹn o, àwọn alásè gan-an gbé ṣíbí sílẹ̀ wá wòran. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí wọn ò gbé fóònù mi, ìyàwó mi náà ò tújú ká sí mi. Ta ló jàre nínú wa?
Àna wọn, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ná. Kì í ṣe torí pé wọ́n jàre o, torí pé ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti gbé ìyàwó ni, èèyàn kì í bá àna ẹ̀ fa ọ̀rọ̀ níwájú alásè. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹjọ́ yín ló wá kù. Ẹ jẹ́ n bi yín léèrè kan: ká ní January 2012 lẹ ja ìjà yìí, ta ni ì bá sọ kí ni? Torí ọjọ́ kìíní ọdún yẹn ni ìjọba Goodluck Jonathan, ìjọba PDP tiyín, yọ sọ́bísídì, tí lítà epo fò láti ₦65 sí ₦141, ó kéré tán. Àwọn tó wà nínú ACN nígbà náà (ó wà lára àwọn pátì tó para pọ̀ di APC), Bola Tinubu sì wà lára wọn, wọ́n ní ìyà ni wọ́n fẹ́ fi jẹ aráàlú, Ojota kún fọ́fọ́, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ìjọba tó bọ́ ọ wálẹ̀ sí ₦97. PDP ní tiwọn ń sọ pé owó tá a bá rí níbẹ̀ la ó fi ṣe títì àti ọsibítù, wọ́n tiẹ̀ dá ètò SURE-P sílẹ̀ fún un. Ó wá di May 29, 2023, Tinubu kan náà dúró ní Eagle Square lọ́jọ́ ìbúra, ó ní sọ́bísídì ti lọ, epo tá à ń rà ní bíi ₦190 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó máa fi di July ó ti di ₦617. Ta ló ń pariwo ìyà aráàlú lọ́tẹ̀ yìí? PDP. Bẹ́ẹ̀ Atiku tí PDP fà kalẹ̀ fún ìdìbò ọdún yẹn náà ti sọ pé òun á yọ ọ́, Peter Obi ti Labour náà sọ bẹ́ẹ̀. Àga tí kálukú jókòó lé ló yí padà, ọ̀rọ̀ ò yí.

Torí náà mi ò lè dá ẹnikẹ́ni láre nínú yín, pátì lẹ̀yin méjèèjì ń gbèjà, kò sẹ́ni tó gbèjà àpò ara ẹ̀. Ohun tí ì bá dáa kẹ́ ẹ jọ máa bi ara yín ni pé owó tí wọ́n gé, ibo ló gbà lọ? Láti 2023 yẹn, owó tí Abuja ń pín fún ìpínlẹ̀ àti kánsù lóṣooṣù ti pọ̀ gidi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ní kíkà náírà ni mo wí o, torí ohun tí náírà yẹn lè rà ti wálẹ̀. Àna yín ní gígé dáa, ó yẹ kí wọ́n lè nawọ́ sí nǹkan kan ní Ṣàgámù kí wọ́n ní èyí ni owó sọ́bísídì ṣe. Ẹ̀yin ní ìnáwó dáa, ó yẹ kẹ́ ẹ lè sọ ibi tó yẹ kí wọ́n ná an sí àti ibi tí kò yẹ kí wọ́n dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí páàtì mọ́tò, ẹ mọ èyí ju èmi lọ. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú tó gba Ògijó, títì ìjọba àpapọ̀ ni, tírélà símẹ́ńtì ló ń gbà á. Ẹ mọ iye ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì tí kòtò ibẹ̀ ti bá yín tà látẹ̀yìnwá. Owó tí wọn ò fi dí kòtò lásìkò, dírẹ́bà ló ń wá san án ní ṣọ́ọ̀bù yín, dírẹ́bà á gbé e lé owó ọkọ̀, alátà á gbé e lé ata, ìyàwó yín á wá bèèrè owó ọbẹ̀ tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ẹ̀ ẹ́ ní ó ń náwó jù. Lórí ìwé wọn ní Abuja wọ́n ti dín ìnáwó kù. Wọn ò dín in kù rárá, ẹ̀yin ni wọ́n gbé e fún.

Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé kí ló dé tí wọn ò gé tara wọn yẹn, mo wà lẹ́yìn yín. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara ẹ̀. Jonathan ló gbé ìgbìmọ̀ Steve Oronsaye kalẹ̀ ní 2011, wọ́n jábọ̀ ní April 2012 pé àjọ tí òfin dá sílẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti pọ̀ jù, kí wọ́n dín 263 kù sí 161. Ìwé yẹn sùn lọ́wọ́ ìjọba PDP, ó tún sùn lọ́wọ́ Buhari tó jẹ́ APC fún odindi ọdún mẹ́jọ, February 2024 ni ìjọba Tinubu tó ní àwọn fẹ́ lò ó. Ìjọba tó ń sọ fún wa pé ká ní ìfaradà yìí náà ló sì búra fún míníṣítà 45 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní August 2023. Tẹ́ ẹ bá lọ bẹ àna yín, ẹ bi wọ́n ní ti 45 yẹn, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ jẹun tán o.

ÌBÉÈRÈ: Lórí rédíò wọ́n á ní rikọ́rẹ́ǹtì, wọ́n á ní kápítà. Olùkọ́ fẹ̀yìntì ni mí ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò ni mo kọ́. Kí ló wà níbẹ̀?
Olùkọ́ àgbà, Ìjẹ̀bú-Igbó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìsinmi, sà. Rikọ́rẹ́ǹtì ni owó tó ń lọ lóṣooṣù tí ò sì dúró: owó oṣù, pẹ́ńṣàn, dísù jẹnẹrétọ̀, owó ìrìnàjò, bisikíìtì ìpàdé. Kápítà ni ohun tó yẹ kó ṣì wà lẹ́yìn ọdún mélòó kan, bíi títì, afárá, ilé-ìwé, ẹ̀rọ ọsibítù. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ ti 2025 tí ààrẹ buwọ́ lù ní February jẹ́ ₦54.99 tírílíọ̀nù. Nínú ẹ̀, kápítà jẹ́ 23.96, gbèsè sísan jẹ́ 14.32, rikọ́rẹ́ǹtì jẹ́ 13.06, bíi 3.65 tó kù ni owó tí òfin ní kí wọ́n yọ sọ́tọ̀ fún àwọn bíi Ilé Aṣòfin àti àwọn adájọ́. Ẹ rí i pé gbèsè ń jẹ ju owó oṣù àti gbogbo bisikíìtì yẹn lọ.

Tí ẹnì kan bá wá ń fi nọ́ńbà kápítà yangàn fún yín, ẹ ní kó fara balẹ̀. Orí ìwé ló wà. Kápítà ti 2024, wọ́n ní láti sún ọjọ́ ẹ̀ wọ inú 2025 torí wọn ò tíì ná an tán. Nígbà tí owó ò bá wọlé bí wọ́n ṣe rò, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gé, torí tí wọn ò bá san owó oṣù, òṣìṣẹ́ á dáṣẹ́ sílẹ̀, tí wọn ò bá san gbèsè, olówó á dé. Títì ò lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. TASUED ni mo ti jáde, ní Ìjàgún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká má tíì yọ̀ pé ìjọba àpapọ̀ gba yunifásítì wa, pé ìpínlẹ̀ kàn ń sá fún ìnáwó ni. Èmi ní àǹfààní ńlá ni. Kí lẹ rí sí i?
Àbúrò yín, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ìwọ àti ọ̀rẹ́ ẹ lẹ jọ jàre, irú ẹ̀ kì í wọ́pọ̀ lójú-ewé yìí.

Bóyá o ṣì kéré nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀. Gómìnà Gbenga Daniel ti PDP ló dá a sílẹ̀ ní 2005, nígbà tí Ibikunle Amosun gorí àga lábẹ́ ACN ní 2011, kò pé ọdún kan tí ìjọba ẹ̀ fi ní kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ yunifásítì OOU ní Àgọ́-Ìwòyè. Háà, Ìjẹ̀bú-Òde gbóná. Ọmọ PDP ní torí pé Daniel ló dá a sílẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ pa á rẹ́, ọmọ ACN ní ìpínlẹ̀ ò lágbára gbogbo iléèwé gíga tí Daniel kó jọ, kálukú ń bú ara wọn ní ilé ọtí. Akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ò gbà, nígbà tó yá ìjọba Amosun náà yí ohùn padà, yunifásítì sì wà níbẹ̀. Apá tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ACN bá àwọn pátì mìíràn para pọ̀ di APC ní 2013, Daniel náà bá APC yìí kan náà wọ Sẹ́nétì ní 2023, ó ń ṣojú Ogun East. Àwọn tó torí wọn fa aṣọ ara wọn ya ní 2012, mi ò mọ ẹni tó ran aṣọ yẹn fún wọn.

Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò sẹ́ni tó bi ìyá oníráìsì Ìjàgún léèrè. Owó tí ìjọba ń fún yunifásítì, ẹ̀ẹ́ rí i lórí ìwé, nọ́ńbà kan gbòòrò ni, ó sì wuni gé. Àmọ́ ẹni tó kọ́ ilé oníyàrá mẹ́wàá fún akẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó ń fi máàrùwá gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀, ẹni tó ń ṣe fótókópì lẹ́nu géètì, wọn ò sí lórí ìwé kankan, ọjọ́ tí wọ́n bá ti géètì yẹn ni wọ́n máa tó hàn, wọ́n á hàn bí onígbèsè.

Ní ti 2025 tí Abuja wá gbà á: ọ̀rẹ́ ẹ ò parọ́, ẹrù kan ti kúrò lọ́rùn ìpínlẹ̀, kò sì sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń fún TASUED tẹ́lẹ̀ ò pòórá, ó ṣì yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn ní Abẹ́òkúta. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ tó bá tún jáde, wò ó bóyá OOU rí nǹkan kún tiẹ̀, tàbí ọsibítù OOUTH ní Ṣàgámù, àbí ó ti bá ọkọ̀ jíìpù lọ. Ìwọ náà o, má rò pé yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ń wẹ̀ nínú owó. Ní 2022, torí ọ̀rọ̀ owó ni ASUU, ẹgbẹ́ olùkọ́ yunifásítì, fi dáṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló sì fara gbá a jù.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi àti bàbá ẹ̀ ò jẹ́ n sinmi nílé. Pápákọ̀ òfuurufú tí wọ́n kọ́ sí tòsí wa yìí, ọmọ ní owó tí yóò mú owó wá ni, bàbá ní ìfiṣòfò ni, pé omi ẹ̀rọ ò yọ ládùúgbò wa ẹ̀ ń kọ́ pápákọ̀. Ta ni kí n gbè?
Ìyá alátẹ, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọjà o, ẹ ó jèrè. Ìlíṣàn sí Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà, ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Awolowo àti pátì ẹ̀, Action Group, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Western Region, wọ́n bu owó lé owó-orí. NCNC, pátì alátakò, ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn, wọ́n ń sọ káàkiri fún àwọn èèyàn pé owó-orí yìí ló máa pa yín. Nígbà tí wọ́n dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ ní ìparí 1954, NCNC ló kó ìjókòó tó pọ̀ jù ní Western Region, agbègbè tí Awolowo ń ṣolórí ìjọba ẹ̀! Olóṣèlú òde òní ni, ì bá ti da gbogbo ẹ̀ nù lọ́jọ́ kejì. Wọn ò dà á nù. January 1955 ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọmọ tó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 sí iye tó lé ní 800,000 láàárín ọdún kan, nígbà tí wọ́n sì dìbò agbègbè ní 1956, Action Group padà wọlé. Owó-orí nìkan kọ́ ló ṣe é o. Owó kòkó tí Marketing Board, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó, kó jọ wà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun, àgbẹ̀ kòkó ló gbé púpọ̀ nínú ẹrù yẹn. Àwọn tó ń fi Awolowo búra lórí pèpéle ìpolongo kì í dé apá ibẹ̀ yẹn.

Ẹ wá gbọ́ o. Gbogbo gómìnà tó bá kọ́ nǹkan ńlá lónìí ló fẹ́ ká pe òun ní Awolowo, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ lófò. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn, ọdún tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ìyá kọ̀ọ̀kan rí ọmọ ẹ̀ tó gbé síléètì jáde láàárọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ó fi wo pápákọ̀ yín náà nìyẹn. Ìgbà Gbenga Daniel ni wọ́n ti ń sọ ọ́, kò tẹ̀síwájú nígbà Amosun, Dapo Abiodun tó jẹ́ ọmọ Ìpẹru gbé e dìde (kò burú kéèyàn rántí ilé). Ẹrù oko ni wọ́n kọ́kọ́ fi polówó ẹ̀ fún wa. Ẹ ní kí ọmọ yín lọ wò ó: ọkọ̀ òfuurufú mélòó ló ń balẹ̀ lọ́sẹ̀, ṣé ẹrù oko kankan ń gbéra níbẹ̀, ọmọ Ìlíṣàn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń gé koríko nìkan o. Tó bá rí nǹkan mú bọ̀, ó jàre. Tó bá mú fọ́tò gómìnà bọ̀, bàbá ẹ̀ jàre.

Ti omi yẹn, inú mi ò dùn sí i rárá. Bọ́jẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń bọ́ pápákọ̀ àti omi, ẹni tó bá ní ọ̀kan ò kan èkejì ń tàn yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá gé ríbọ́ọ̀nù nídìí pọ́ǹpù tí wọ́n tún ṣe? Kò sí gángan, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí tẹlifíṣàn. Ìdí nìyẹn tí pátì tó bá wà nípò ṣe ń kọ́ tuntun, tí ògbólógbòó ń bàjẹ́ sílẹ̀. Ẹ má sì dá gómìnà nìkan lẹ́jọ́, ẹ kọjá sí kánsù yín pẹ̀lú. Ọjọ́ 11 oṣù July 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Abuja dájọ́ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún wọn tààrà, kó má gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́. Ẹ kó ara yín jọ lọ́jà, ẹ lọ bi alága kánsù pé owó mélòó ló ń wọlé, èló ló sì kan omi. Tó bá ní owó ò tíì dé ọwọ́ òun tààrà, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé kó sì buwọ́ lù ú. Ẹ ó rí i bó ṣe máa ń làágùn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní London ní kí n yéé dá ìjọba Nàìjíríà lẹ́bi, pé lọ́dọ̀ àwọn náà gígé ni wọ́n ń gé. Ṣé òótọ́ ni?
Bàbá onílé, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, sà. Ní 2010 tí Conservative àti Liberal Democrat jọ wọlé, George Osborne tó ń ṣọ́ àpò ìjọba gé ìnáwó gidi, wọ́n sì gbé VAT láti 17.5% sí 20% ní January 2011. Labour tiwọn (kì í ṣe èyí tí Peter Obi bá díje ní 2023 o) pariwo pé wọ́n ń fìyà jẹ tálákà. Labour yìí náà wọlé ní July 2024, oṣù yẹn gan-an ni wọ́n kéde pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò ní gba owó tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nígbà òtútù mọ́. Aráàlú fa ìbínú yọ, nígbà tó fi máa di June 2025 wọ́n ti dá a padà fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Àmọ́ kí ọmọ yín rántí pé ẹni tí wọ́n gé tiẹ̀ níbẹ̀, omi ń yọ nílé ẹ̀, bọ́ọ̀sì ń dé lásìkò, ọsibítù ò ní kó lọ ra ìbọ̀wọ́ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Nínú ohun tó wà ni wọ́n ti ń gé. Kó fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí yín, kó dín àlàyé kù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo lẹ kàlẹ́ńdà pátì mi mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítọ́mà mi kan tó wà ní pátì kejì ní òun ò ní ránṣọ lọ́dọ̀ mi mọ́ àfi tí mo bá yọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?
Tẹ́lọ̀, Òkè-Ajé

ÌDÁHÙN: Tó bá jẹ́ èyí tó ń sanwó ni, ẹ yọ ọ́ kíá. Tó bá jẹ́ èyí tí owó aṣọ Ojúde Ọba ṣì ń bẹ lọ́rùn ẹ̀ títí di báyìí, ẹ fi í síbẹ̀, kẹ́ ẹ tún gba ọ̀kan sí i lẹ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà.